Bí Èékánná Ajá Bá Ya, Ẹ Má Fà Á

Wáyà ìsàlẹ̀ gééètì ló gbá èékánná Tanímọ̀la, ajá mi, mú. Ó gbọ́ ìró ọ̀kadà lójúde, ó fò mọ́ gééètì, bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ló há. Ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kán tótó dé ẹnu ilẹ̀kùn, èékánná náà sì ń fì dirodiro.

Èyí tó wà lápá inú ẹsẹ̀ iwájú bí àtàǹpàkò ni. Kì í kan ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́; á gùn, á ká bí ìwọ̀ ẹja. Òun ló máa ń há jù.

Ẹran rírọ̀ wà nínú èékánná ajá, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń pọ̀. Kó má dẹ́rù bà yín.

Ẹ kọ́kọ́ di ẹnu rẹ̀. Ajá tí kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí lè gé olówó rẹ̀ jẹ bí ìrora bá mú un. Mo ya àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi yí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, mo so ó sẹ́yìn etí. Bó bá ń bì, tàbí tí kò mí dáadáa, ẹ má dì í o. Ọmọbìnrin mi jókòó síwájú rẹ̀, ó ń pè é lórúkọ jẹ́jẹ́. Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn nítorí dìgbòlugi.

Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú èékánná ajá náà fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò yẹn ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì á tún ṣàn. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ lásán ló ṣẹ́, fúláwà díẹ̀ lè bá yín dá a dúró. Bí kò bá dá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Èyí tó ń fì, ẹ má fà á. Mo fa ti ajá mi àtijọ́ rí, mo tún da spírítì lé e. Ó gbọ̀n látorí dé ìrù, odindi oṣù kan ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi pa ìrora kó tó gé e. Àwa tá a wà n'Íbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen: wọ́n lè pa ajá. Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ọkọ̀ lójú egbò, rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé ilé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ ojú egbò náà, ṣíbí tíì iyọ̀ kan nínú ìdajì lítà. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ di báńdéèjì tí kò fún jù, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọmọ ìka bá wú tàbí tó bá ń rùn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá fẹ́ jáde, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Bó bá wọlé, ẹ yọ ọ́, kó má baà làágùn síbẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí òmíràn tó hù tán. Mo ti kan pákó bo wáyà gééètì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo máa ń rẹ́ orí èékánná rẹ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, ẹran inú kì í hàn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mò ń rẹ́ ẹ. Bí mo bá ti rí àmì róbótó kékeré láàárín ojú ibi tí mo gé, mo dúró.