Bí Ìgbà Ooru Ṣe Ń Yí Ìṣesí Padà: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Nígbà tí ooru bá mú gan-an, ẹni tí kì í pariwo a máa pariwo. Ọmọ tó ń ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí. Àwọn méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ pẹ́ á wọ ìjà pẹẹ́ta nítorí korobá tí ẹnì kan gbé síbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ìdílé á sọ pé ìwà ló bàjẹ́. A kọ ìwé kékeré yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ní ìgbà ooru, ara ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó dá ìwà lẹ́jọ́. Lóòótọ́ ni sùúrù jẹ́ baba ìwà, ṣùgbọ́n ara tí kò sùn, tí kò sì mumi tó, kì í ní sùúrù púpọ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà ooru lè bọ́ sí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ bíi ti apá àríwá ayé, tàbí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì bíi ti apá gúúsù, ó sì lè jẹ́ àkókò ẹ̀ẹ̀rùn níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síni láti ọdún dé ọdún. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara.

Ohun tí ooru ń ṣe lára

Nǹkan bí 37°C ni ara ènìyàn ń fẹ́ wà. Bí ooru bá fẹ́ gbé e kọjá ibẹ̀, àyà á máa yára lù, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn wá sí abẹ́ awọ, òógùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ara, kódà bí ẹni náà bá jókòó. Omi tí òógùn ń gbé lọ kò kéré. Bí omi tó sọnù bá tó ìdá 1 sí 2 nínú 100 ìwọ̀n ara, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ á di ìnira, ìkanra á sì dé. Fún ẹni tó wọn kílò 60, nǹkan bíi lítà kan nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ń ro oko ní ọ̀sán gangan lè pàdánù rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kó má sì mọ̀ pé ohun tó ń mú òun jágbe mọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Àwọn olùwádìí méjì, Kenrick àti MacFarlane, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní 1986 láti ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, Amẹ́ríkà. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ kan dúró gbagidi níbi iná tó ń darí ọkọ̀ nígbà tí iná ti ní kó máa lọ, wọ́n sì ń wo bí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò ṣe fun fèrè. Bí ooru ọjọ́ náà bá ṣe pọ̀ tó ni fèrè ń pọ̀ tó. Àwọn tí wọ́n ṣí fèrèsé ọkọ̀ wọn sílẹ̀, tí kò jọ pé wọ́n ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, ni ó hàn lára wọn jù.

Òru tó gbóná ló ń ba ọ̀sán jẹ́

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ oorun. Kí ènìyàn tó lè sùn wọra, ooru inú ara gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, nǹkan bíi 1°C. Awọ ni ara ń gbà lé e jáde, pàápàá ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nínú yàrá tó gbóná, tí ọ̀rinrin tún pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, òógùn kì í gbẹ, ooru kì í ríbi jáde, ènìyàn á sì máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Níbi tí oòrùn kì í tètè wọ̀ ní ìgbà ooru, ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ lójú tún ń sún àkókò oorun síwájú. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún òru méjì mẹ́ta, àwàdà lásán lè di èébú létí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó dé ara ilé, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn máa ń là. Lálẹ́, nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ ṣí fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ẹ wẹ̀, tàbí ó kéré tán kí ẹ fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́, pẹ̀lú omi tó tutù níwọ̀nba kí ẹ tó sùn. Kò pọn dandan kó jẹ́ omi yìnyín. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bora. Fáànù dára, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná ju 40°C lọ, ooru ni fáànù ń fẹ́ lu ara. Aṣọ tí a fi omi rẹ lára ọrùn àti apá ló wúlò nígbà náà. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun. Ó lè mú ojú kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń já oorun ní ìdajì òru, ó sì ń mú ìtọ̀ pọ̀. Bí òru bá ti burú, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n rẹjú lọ́sàn-án, kí ẹ má sì ka ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀lẹ.

Lóko

A mọ̀ pé iṣẹ́ oko ní àkókò tirẹ̀. Ìgbà ooru náà ni irúgbìn ń rọ, omi ń fà, tí àníyàn ń gbé àgbẹ̀ lọ́kàn, nítorí náà ẹrù méjì ni ó ń rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó le ní ìdájí, kí ẹ sì fi wákàtí tí oòrùn ń ta jù lọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ́ ibòji: ṣíṣa irúgbìn, pípọ́n àdá, títún okùn ṣe. Kí olúkúlùkù mu nǹkan bí ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má dúró de òùngbẹ. Kó má sì kọjá lítà kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan, nítorí omi tó pọ̀ jù ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù jù. Ìtọ̀ tó pọ́n tó sì kéré ti ń sọ fún yín pé omi kò tó.

Ẹni tuntun, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà láti ìsinmi tàbí àìsàn, kò gbọdọ̀ bá àwọn tí ara wọn ti mọ́ ooru díje. Ìdá kan nínú márùn-ún àkókò iṣẹ́ ni kó fi ṣiṣẹ́ nínú ooru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ara fi ń mọ́ ooru.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí sí ẹ̀yin olórí ìdílé àti ẹ̀yin tí ẹ gba òṣìṣẹ́: ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, pàápàá nígbà tí àdá ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ sún un di ìrọ̀lẹ́. Bí ohùn bá ti ń ga, ẹ kó ara yín lọ sábẹ́ igi, ẹ mumi, ẹ da omi sórí, kí ẹ tó tún gbẹ́nu sí i.

Nínú ilé, àgbàlagbà ni kí ojú yín wà lára rẹ̀, nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́. Bí ìyá àgbà bá ṣàdédé dákẹ́ tàbí tó ń ráhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ gbé omi fún wọn, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún.

Àwọn tí ìgbà yìí ń rẹ̀ sílẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń jẹ́ kí ara mọ ìgbà tó yẹ kó jí àti ìgbà tó yẹ kó sùn, inú sì máa ń dùn sí ìta gbangba kí ooru tó le. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1984, dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń dé nígbà òtútù. Ní 1987, Thomas Wehr pẹ̀lú Rosenthal àtàwọn mìíràn kọ̀wé nípa àwọn tí tiwọn ń dé nígbà ooru. Àwọn ti ìgbà òtútù sábà máa ń sùn jù, wọ́n sì máa ń jẹun jù. Àwọn ti ìgbà ooru kì í rí oorun sùn, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu wọn, wọ́n ń rù, ara wọn kì í sì balẹ̀. Kí a máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé “ojú ọjọ́ mà dára o, kí ló dé tí o fajú ro?” ń dá kún ìnira rẹ̀ ni. Bí èyí bá ń dé ní àkókò kan náà lọ́dọọdún, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera kí ìgbà náà tó tún dé.

Ẹni tó ń lo oògùn fún àìsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra púpọ̀. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ara làágùn bó ṣe yẹ. Lithium, tó jẹ́ ọ̀kan lára oògùn àìsàn ọpọlọ, lè pọ̀ dé ìwọ̀n tó léwu nínú ẹ̀jẹ̀ bí omi bá gbẹ lára. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kí ẹ bi kí ooru tó le.

Nígbà tó bá ti kọjá ìkanra

Bí ẹni tó wà nínú ooru bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń bínú lọ́nà tí kò yé ẹnikẹ́ni, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, ẹ má bá a jiyàn. Ara rẹ̀ lè ti gbóná dé 40°C, ìyẹn sì lè pa á. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ tó pọ̀ lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ má fi omi sẹ́nu ẹni tó dákú.

Ìrẹ̀wẹ̀sì náà lè dé ibi tó léwu. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 rí i pé bí ooru oṣù kan bá fi 1°C pọ̀ sí i, iye àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn ń fi ìdá 0.7 nínú 100 lé sí i ní Amẹ́ríkà, àti ìdá 2.1 ní Mẹ́síkò. Ooru nìkan kọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n ó ń dá kún ẹrù ẹni tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko sínú àpótí tó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú ẹni náà tọ̀sán-tòru títí ẹ ó fi mú un dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera.