Owó Oṣù Tí Mi Ò Gbà Rí: Bí Mo Ṣe Yọ Orúkọ Mi Kúrò Nínú Ayédèrú Ìwé Mọ́gééjì

£3,180 ni mo pàdánù. Owó lọ́yà, owó àwọn tó wá yẹ ilé wò àti owó alágbàtà ló gbé e lọ, lórí filáàtì kan ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù tí mi ò sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó dùn mí ju owó lọ ni pé fún oṣù mọ́kànlá gbáko, ojú gbájúẹ̀ ni àwọn báǹkì fi ń wò mí, wọn ò sì sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Mo ti yanjú rẹ̀ báyìí. Èmi fúnra mi ni mo yanjú rẹ̀, mi ò san kọ́bọ̀ fún lọ́yà kankan lórí rẹ̀. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báǹkì ń yáni láti fi ra ilé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ “ọmọ wa”.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. £2,650 ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ owó orí, ìyẹn £31,800 lọ́dún. Mo ti kó £25,000 jọ, £10,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó àjọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti alágbàtà tó bá mi wá mọ́gééjì lọ́dọ̀ báǹkì ti mọra. Àbúrò ni lọ́dọ̀ mi, “Àǹtí mi” ló máa ń pè mí, ó sì máa ń fọwọ́ kanlẹ̀ kó tó kí mi. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló tàn mí.

Bí èèyàn ṣe ń wá ilé àti bó ṣe ń gba lọ́yà, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní í fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Àwọn ohun tí mo rí tí mo sì gbójú fò ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àjọ. Báǹkì máa ń fẹ́ mọ ibi tí owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ti wá. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má dárúkọ àjọ fún wọn o, òyìnbó ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ àjọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ló fún yín.” Mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan nílùú yìí. Mo kọ̀ jálẹ̀, inú mi sì ń dùn sí ìyẹn títí dòní. Ìwé àkáǹtì mi ni mo tẹ̀ jáde, ogún oṣù, £500 ń jáde lóṣooṣù sọ́dọ̀ ìyá tó ń gba àjọ wa, lẹ́yìn náà £10,000 wọlé. Mo ní kí ìyá kọ lẹ́tà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́yà gbà á, kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Òyìnbó mọ àjọ bí ẹ bá fi ìwé hàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí n purọ́ lórí £10,000 tó jẹ́ òógùn mi, ó yẹ kí n ti gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣí ímeèlì tuntun lórúkọ mi, ó ní kí ìwé báǹkì má baà dà pọ̀ mọ́ ti ibi iṣẹ́ mi. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀. Ó tún ní bí báǹkì bá pè mí, kí n ní kí wọ́n pe òun. Nígbà tí fọ́ọ̀mù sì dé, ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì fi ìka buwọ́ lù ú ní aago mẹ́ta òru níbi iṣẹ́. Mi ò ka ojú ìwé kankan ṣáájú rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé yìí ni wọ́n fi dè mí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Èyí tó tóbi jù, ìṣirò lásán ni. Ọ̀pọ̀ báǹkì níbí kì í yá èèyàn ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Ti £31,800 jẹ́ £143,100. £235,000 ni wọ́n ń ta filáàtì náà. Bẹ́ ẹ bá yọ £25,000 mi kúrò, £210,000 ló kù. Mo bi í báwo ló ṣe máa ṣeé ṣe. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, mo mọ báǹkì tó máa ṣe é.” Mo fi sílẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín, ẹ ní kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín lórí ìwé, kó sì dárúkọ báǹkì náà.

Lọ́yà ti ṣiṣẹ́ dé ìdajì, wọ́n ti yẹ ilé wò, kí báǹkì tó kọ̀wé pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìlà méjì péré. Wọ́n ní ohun tí mo béèrè kò bá ìlànà àwọn mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni báǹkì mìíràn, èyí tí owó oṣù mi ń wọ̀, ti àkáǹtì mi pa. Owó ilé tí mò ń gbé wà nínú rẹ̀, owó oúnjẹ àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ ìdí. Mo lọ ra fóònù alásanwó-oṣooṣù fún ọmọ mi, wọn ò tà á fún mi. Mo yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè mi (credit report) wò, ó mọ́ tónítóní! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.

Obìnrin kan ní Citizens Advice, níbi tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ló kọ́kọ́ dárúkọ Cifas létí mi. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba. Àwọn báǹkì àtàwọn iléeṣẹ́ mìíràn ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ara wọn lólobó nípa ẹni tí wọ́n gbà pé ó lu jìbìtì. Bí wọ́n bá fi àmì sí orúkọ èèyàn níbẹ̀, ọdún mẹ́fà ló lè lò, ó sì lè jẹ́ pé ojú rẹ ò ní í rí i nínú àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ láéláé. Ọ̀fẹ́ ni kéèyàn bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ní nípa òun. Mo fi ìwé ìrìnnà mi àti ẹ̀rí ibi tí mò ń gbé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì dé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé mo fi ìwé ayédèrú tọrọ owó ilé. Orúkọ báǹkì tó kọ ọ́ síbẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ibí ni wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìwé wo? Mo kọ̀wé sí báǹkì náà pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tó ní orúkọ mi lọ́wọ́ wọn fún mi. Òfin fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí i, oṣù kan ló sì yẹ kó gbà wọ́n. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tó kọ̀wé pé kí n fi ìwé ìrìnnà mi ránṣẹ́, ìwé ìrìnnà tí mo ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tún fi ránṣẹ́. Wọ́n wá kó ìwé ńlá kan wá, ojú ewé bí ọgọ́ta. Mo fi ọ̀sán ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ kà á látòkèdélẹ̀. Lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ sí wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ìwé owó oṣù wà, dúdú ni wọ́n kùn ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè. Orin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sí mi létí, ìgbà kan wà tó gba ogójì ìṣẹ́jú, ìsinmi oúnjẹ mi tán síbẹ̀. Ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ lónìí, òun kọ́ ni mo máa bá lọ́la, mo sì gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan bi mí pé, “Ṣé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ni?” Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìpè ò ṣe mí láǹfààní kankan. Lẹ́tà ló ṣe é. Mo kọ ọ́ pé: ìwé tí wọ́n sọ pé èmi ni mo kó wá, orúkọ mi àti owó mi ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ nípa mi ni, wọn ò lè fi pa mọ́ fún mi. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni wọ́n tó ṣí ìwé náà.

Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí nígbà tí mo rí i. Orúkọ mi, nọ́ńbà mi, àmì ibi iṣẹ́ mi, ti oṣù kẹjọ. Owó oṣù: £3,900.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ò mọ iṣẹ́. Owó tí ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀ jẹ́ £12,570 lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí £1,048 lóṣù. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú nínú ìyókù fún irú àwa. Tó bá jẹ́ £3,900 ni mò ń gbà lóòótọ́, owó orí mi ò bá sún mọ́ £570. Nǹkan bí £320 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi gan-an. Ó yí òkè àti ìsàlẹ̀ ìwé padà, ó gbàgbé àárín. Bákan náà ni àròpọ̀ ọdún: oṣù kẹrin ni ọdún owó orí ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹjọ ni ìkarùn-ún. £3,900 lọ́nà márùn-ún jẹ́ £19,500. £13,250 ló wà lórí ìwé náà. Ìlọ́po márùn-ún £2,650 nìyẹn! Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹnì kan ní báǹkì yẹn tó fi ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ ẹ́ kó tó fi irú àmì yẹn sí mi lórúkọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé èyíkéyìí tí alágbàtà bá fẹ́ fi orúkọ yín kó lọ.

Mo kọ ẹ̀sùn sí báǹkì. Mo fi ímeèlì tí mo fi kó ojúlówó ìwé owó oṣù mi fún alágbàtà hàn wọ́n, ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀. Mo fi ohun tí HMRC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, kọ sílẹ̀ nípa owó tó ń wọlé fún mi hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fún èèyàn ní èsì ìkẹyìn. Ọjọ́ karùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n dáhùn, ó ku ọjọ́ kan. Wọ́n ní mo buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín báǹkì àti oníbàárà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn èsì ìkẹyìn. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé mo buwọ́ lù ú láìkà á, mi ò fi ìyẹn pa mọ́. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé ìfura lásán kò tó láti fi irú àmì yẹn sí èèyàn lórúkọ. Báǹkì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó dájú pé ẹni náà gan-an ló hùwà àìṣòótọ́. Wọ́n béèrè ohùn alágbàtà tó wà lórí WhatsApp mi, mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan èyí tó ti ní kí n má dá báǹkì lóhùn. Oṣù mẹ́rin ló gbà. Wọ́n gbè mí lẹ́yìn, báǹkì yọ àmì náà, ó sì san £400 fún mi nítorí ìnira. Mo tún kọ̀wé sí Cifas lẹ́ẹ̀kejì láti rí i dájú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo ké “Olúwa ṣeun” débi pé aládùúgbò kanlẹ̀kùn.

Ní ti alágbàtà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi mọ irú ẹni tó jẹ́ nígbà tí mo wá wò ó. FCA, àwọn tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí òfin gbà láàyè láti gbani nímọ̀ràn lórí mọ́gééjì, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà ti àkọsílẹ̀ yẹn ni mo pè. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun FCA, mo sì fi sun Action Fraud, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ jìbìtì sùn nígbà yẹn (Report Fraud ló ń jẹ́ báyìí). Pásítọ̀ pè mí, wọ́n ní ká yanjú rẹ̀ nílé, pé ọmọ wa ni. Mo kúnlẹ̀ lórí fóònù, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é.” Mo mọ àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn nínú ìjọ tó ti kó ìwé owó oṣù wọn fún un. Òfin jìbìtì ọdún 2006 lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n títí dé ọdún mẹ́wàá, kò sì yọ ẹni tó ń tọrọ owó sílẹ̀ bó bá mọ̀ sí irọ́ náà. Mo jókòó ti méjì nínú wọn, a jọ kọ fọ́ọ̀mù Cifas wọn. Àwọn méjì yòókù ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Lóṣù tó kọjá ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Àǹtí mi, ẹ foríjì mí, Èṣù ni.” Mo fi rìsíìtì gbogbo £3,180 ránṣẹ́ sí i, £499 tirẹ̀ ló ṣáájú, mo sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.