Ìrírí mi: ọjọ́ méje tí mo fi fún ológbò tó lóyún lóògùn

Oyún Adúmáadán, ológbò ilé wa ní Ìbàdàn, ti tó bí oṣù kan nígbà tí ológbò mìíràn gé e jẹ ní itan, tí ojú ibẹ̀ wú, tí ó sì gba ọyún. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀, kò fẹnu kan oúnjẹ, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ká jọ sí abẹ́ àga. Màmá tí wọ́n ń gbé ilé kejì, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí èmi náà ti fẹ́ràn rẹ̀, mú parasítámọ́ọ̀ wá, wọ́n ní kí n lọ ààbọ̀ hóró kan sínú ẹja fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Ààbọ̀ hóró yẹn lè pa á. Bí dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń tú parasítámọ́ọ̀ palẹ̀. Májèlé tí ó bá ṣẹ́kù a ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́, erìgì a ṣú, ojú àti ẹsẹ̀ a sì wú. Mo béèrè nípa doxycycline, oògùn apakòkòrò àrùn kan tí ó ṣẹ́kù nínú àpótí oògùn wa. Wọ́n ní kí n má dán an wò, nítorí ó lè ba egungun àti eyín àwọn ọmọ inú jẹ́, bí ó bá sì há sí ọ̀nà ọ̀fun ológbò láìsí omi lẹ́yìn rẹ̀, ó lè dá egbò síbẹ̀.

Dókítà fi ìka wá inú rẹ̀ wò jẹ́jẹ́, wọ́n ní àwọn ọmọ náà tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Orí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kílò 4. Wọ́n tú ọyún náà jáde, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n sì kọ oògùn apakòkòrò àrùn mìíràn, amoxicillin tí a pò mọ́ clavulanic acid, hóró mílígírámù 50 kan láàárọ̀, kan lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Wọ́n sọ fún mi tààrà pé kò sí oògùn tí a lè fi búra, ṣùgbọ́n èyí wà lára àwọn tí wọ́n fọkàn tán jù fún ológbò tí ó lóyún, àti pé àrùn tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá léwu fún àwọn ọmọ ju hóró náà lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo fi hóró náà pamọ́ sínú ẹja. Ó jẹ ẹja náà yí i po, ó fi hóró sílẹ̀ láàárín àwo, ó mọ́ tónítóní.

Ní alẹ́ yẹn kan náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi fún un. Mo máa ń kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ díẹ̀, nítorí oògùn náà lè ru inú sókè. Lẹ́yìn náà, mo tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, mo gbé e lé e, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kí ohunkóhun má baà tẹ ikùn rẹ̀. Èjìká àti ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni mo fi aṣọ wé. Èmi kì í fi awọ ọrùn gbé e bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, nítorí ẹ̀rù a bà á, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ìjàkadì yẹn gan-an ni mo ń sá fún. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò àti ìka mú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òkè, mo gbé imú rẹ̀ sókè. Ìka àárín ọwọ́ kejì fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wálẹ̀, hóró náà sì bọ́ sí ẹ̀yìn ahọ́n pátápátá. Mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo ń fi ìka pa ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi fi ahọ́n lá imú. Nígbà tí ó bá lá imú, mo mọ̀ pé ó ti gbé e mì. Omi ni ó kù: mìlílítà 5 nínú sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́yìn eyín tí ó mú ṣóńṣó, díẹ̀díẹ̀, láìgbé orí rẹ̀ sókè, kí omi má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi kò dé ẹ̀yìn ahọ́n. Hóró náà yọ́ sí i lẹ́nu, ìfófòó funfun sì ń dà wálẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀. Àyà mi já. Mo pe dókítà. Wọ́n ní ìkorò oògùn lásán ni ó fà á, ṣùgbọ́n kí n má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí n kò mọ ìwọ̀n tí ó ti gbé mì, kí n dúró de ti alẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi bọ́tà díẹ̀ pa hóró náà lára. Mo tún ń kọ wákàtí tí ó bá gbé oògùn mì sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, kí ọkọ mi má baà fún un ní ẹ̀ẹ̀kejì láìmọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jẹun tán fúnra rẹ̀. A lo oògùn náà pé ọjọ́ 7 síbẹ̀.

Oyún ológbò kì í ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ọgbẹ́ yẹn, ó bí ọmọ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí dókítà ti kọ́ mi, mo wo àjà ẹnu wọn. Kò sí èyí tí tirẹ̀ là. Adúmáadán jẹ́ kí n gbé wọn, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Irun ti hù padà sójú ọgbẹ́ náà.