Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Àgbádárìgì ní Ìtàn Bessie Coleman

Ìtàn Bessie Coleman, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ìwé-àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ òfurufú, kò ṣòro láti sọ. Ohun tó ṣòro ni láti sọ ọ́ tí ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò fi ní rò pé ojú ọ̀run ni obìnrin náà ti já bọ́ sínú bàálù. Olùkọ́ púpọ̀ a kàn kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìwé-àṣẹ àti ọjọ́ ikú sójú pátákó, àwọn ọmọ a dà á kọ, iṣẹ́ parí. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín wà fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ní Àgbádárìgì àti agbègbè rẹ̀, àti fún òbí tó bá fẹ́ sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ lo èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò yín lórí bí obìnrin yìí ṣe wá owó àti ilé-ẹ̀kọ́ rí, kí ẹ sì lo ìwọ̀nba díẹ̀ lórí ikú rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yín wò dáadáa. Ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní Atlanta, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe Atlanta ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Ìwé-àṣẹ rẹ̀ gan-an sọ pé ọdún 1896 ni, nítorí náà bí ọmọ kan bá rí ọdún méjèèjì lórí fóònù bàbá rẹ̀, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ yìn ín pé ó ṣe ìwádìí. Ẹ má sì sọ fún wọn pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù. Raymonde de Laroche, ará Faransé, ti gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1910, Harriet Quimby tí í ṣe òyìnbó Amẹ́ríkà sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1911. Ohun tí Bessie fi ṣe àkọ́kọ́ ni pé kò sí obìnrin adúláwọ̀ kankan tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí obìnrin kan tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, lára tó gbà á ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ti tó iyì fún ẹnikẹ́ni, kò yẹ kí á tún bù mọ́ ọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú oko òwú. Ọmọ Àgbádárìgì mọ àgbọn, ó sì mọ ẹja, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan òwú tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn lẹ́kúlẹ́jà lọ́jà, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdì kan, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ yọ kóró inú rẹ̀ tán láìfa òwú náà ya yánnayànna. Nígbà tí ìka bá ń dùn wọ́n díẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ òwú ni ìdílé Bessie ń ṣe ní Waxahachie, ìlú mìíràn ní Texas tí ó dàgbà sí, àti pé bí àkókò ìkórè bá dé, wọ́n á ti ilé-ìwé àwọn ọmọ adúláwọ̀ pa kí wọ́n lè lọ sóko. Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá sì wà ní ṣíṣí, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ ní ọdún 1901, ìyá rẹ̀ Susan sì ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ. Bessie fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn, ó tọ́jú owó, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Langston, ní Oklahoma, ní ọdún 1910. Táàmù kan péré ni owó náà gbé e dé.

Ó dájú pé ọmọ kan yóò béèrè níbí bóyá ìlú wa ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ti mọ ìtàn àwọn ẹrú tí wọ́n kó kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú. Ẹ má ṣe tìtorí ìfẹ́ ìlú ẹni dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ pé ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Ìgbà tó dé Chicago, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ìtàn náà ti dùn jù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú èékánná ni ó ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Bí ẹ bá sọ pé obìnrin yìí ń gé èékánná, àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn Hausa tó ń lu àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò ni yóò wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣàlàyé pé àwọn ọkùnrin olówó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ bàálù, ọmọbìnrin tó sì ń tọ́jú ọwọ́ wọn ń gbọ́ ohun gbogbo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John, tó ti bá wọn jagun ní Faransé, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin Faransé ń wa bàálù, àwọn obìnrin tiwọn kò sì lè ṣe é láéláé. Ẹ mú ọmọ méjì kí wọ́n fi èyí ṣe eré. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ fún wọn. Kí wọ́n lo Yorùbá tàbí Ègùn bó ṣe bá wọn lẹ́nu mu, torí pé kò sí ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ lórí bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fi àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́.

Bessie wá ilé-ẹ̀kọ́ bàálù káàkiri Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó gbà á, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì jẹ́ adúláwọ̀. Robert Abbott, tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ ọ ní Faransé, kó sì kọ́ èdè wọn kó tó lọ. Ibí yìí ni ìlú wa ti ní àǹfààní tí ìlú mìíràn kò ní. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ní ìbátan ní Àjàṣẹ́. Ajárá níhìn-ín sì ni Abúlé Èdè Faransé wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wá kọ́ èdè náà. Ẹ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ kó wá kọ́ kíláàsì yín bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá, àti bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́lé mọ́ ọn lẹ́nu yóò mọ ohun tí òǹgéèékánná yìí gbé ka iwájú ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Owó ńkọ́? Owó èékánná wà níbẹ̀, ó tún ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ, Abbott àti oníbáńkì kan tó ń jẹ́ Jesse Binga sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ ya káàdì àjọ kan sójú pátákó, kí àwọn ọmọ fi owó tiwa ṣe ìṣirò iye oṣù tí ẹni tó ń dá iye kan lóṣooṣù yóò lò kó tó rí owó ọkọ̀ lọ sókè òkun. Owó tí ẹ bá fi ṣe ìṣirò, ẹ sọ fún wọn pé tiyín ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé. Ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Caudron ní Le Crotoy ló ti kọ́ ọ fún oṣù méje, ó sì rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó já bọ́ tó sì kú, síbẹ̀ kò padà. Ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1921 ni wọ́n kọ sára ìwé-àṣẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́, ẹ kó wọn jáde. Bàálù tó wá ń lò nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà ni Curtiss JN-4, tí wọ́n ń pè ní Jenny, èyí tí àwọn ọmọ ogun ń tà lówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ogun. Ilẹ̀ iyanrìn wa rọrùn láti ya nǹkan sí: ẹ fi okùn wọn mítà 13 fún ìyẹ́ apá òkè láti ìbú dé ìbú, kí ẹ wọn mítà 8 lé díẹ̀ láti imú dé ìrù, kí ẹ sì fi igi yà á. Ẹ gbé àga méjì sáàárín, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ sọ fún wọn pé igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, pé kò ní òrùlé, kò sì ní búréèkì. Igi tó wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀ títí yóò fi dúró. Ọmọ tó bá ti jókòó sínú àwòrán yẹn lábẹ́ oòrùn kò tún ní rò pé irú bàálù tó ń kó èrò lọ sí Mẹ́kà là ń sọ.

Ẹ lè yára kọjá lórí àwọn ọdún eré orí òfurufú: ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1922 ló kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀bá New York, ní 1923 ó já bọ́ ní California, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sì tún padà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe fò. Nígbà tí ó fẹ́ ṣeré ní Waxahachie, wọ́n fẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ gba géètì tiwọn wọlé. Ó ní òun kò ní fò àfi bí gbogbo èrò bá gba géètì kan náà, wọ́n sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀. Ẹ sọ apá ìkẹyìn yìí náà fún wọn; olùkọ́ tó bá yọ ọ́ kúrò ti pa irọ́.

Ní ti ikú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ìdúró kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe é léré. Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1926 ni, ní Jacksonville, Florida. Mẹkáníìkì rẹ̀ William Wills ló ń wa Jenny náà. Bessie kò de bẹ́líìtì nítorí ó fẹ́ yọjú wo ilẹ̀ tí yóò fi páráṣúùtì fò sí lọ́jọ́ kejì. Bàálù náà dojú dé, Bessie já bọ́ látinú rẹ̀, ó sì kú, Wills náà sì kú nígbà tí bàálù já lulẹ̀. Sípánà tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀ ni wọ́n bá tó há sáàárín irin ìdarí. Ẹni ọdún 34 ni.

Bí wọ́n bá béèrè nípa ilé wa, ẹ dárúkọ Chinyere Kalu, ọmọ Akwete ní ìpínlẹ̀ Abia, tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú ní Zaria ní ọdún 1978, tó di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wa bàálù, tó sì padà di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìṣirò àti físíìsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ.

Fún ìdánwò, ẹ má ṣe béèrè ju ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ. Ẹ béèrè ibi tí owó ìrìnàjò rẹ̀ ti wá, ìdí tó fi kọ́ Faransé, àti ohun tí wọ́n gbà fún un àti èyí tí wọn kò gbà ní Waxahachie. Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.