Tójú bá wọ́ sápá kan, bẹ́ ẹ ṣe lè mú kó dọ́gba padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí i pé ẹnu ti wọ́ sápá kan, tójú kan ò sì pa dé mọ́, ẹ má ní aráyé ló ṣe é o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ó lè jẹ́ stroke, ìyẹn àrùn rọpárọsẹ̀, pàápàá tápá tàbí ẹsẹ̀ bá tún rọ. Tó bá jẹ́ Bell's palsy, ìyẹn àìsàn tó ń mú kápá kan ojú rọ láìjẹ́ stroke, oògùn prednisolone tí dókítà máa ń kọ, láàárín wákàtí 72 ló dáa kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ojú tí ò pa dé yẹn ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ! Ẹ máa kán oògùn tó ń mú ojú tutù sí i lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́ ẹ fi téèpù tí wọ́n fi ń lẹ egbò pa á dé kẹ́ ẹ tó sùn, kó má bàa gbẹ kó dọgbẹ́.

Tójú bá ti ń mira díẹ̀díẹ̀, ẹ jókòó síwájú dígí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni mo wí o, kápá méjèèjì jọ gbéra, tápá tó dáa bá fẹ́ sáré jù ẹ fìka dá a dúró. Àwọn tó ń fi gbogbo agbára fa ojú, tàbí tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù látàárọ̀ dalẹ́, ń dá kún un ni, torí iṣan lè kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́, kójú máa pa dé nígbàkígbà téèyàn bá rẹ́rìn-ín. Tíyẹn bá ṣẹlẹ̀, fisio (eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣan) tàbí abẹ́rẹ́ Botox lè mú kí iṣan náà dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn láàárín oṣù díẹ̀, àmọ́ tí oṣù 3 bá kọjá tí ò sí ìyípadà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.