Èèyàn mélòó? Bí t-test ṣe fún mi ní 5 nínú 20

Máàkì 5 nínú 20 ni wọ́n kọ sórí iṣẹ́ tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Inú bí mi débi pé mi ò fọwọ́ kan ìwé náà fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe pé mi ò mọ ìṣirò o. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ síbẹ̀ ló pé, ẹ lè tún un ṣírò. Ìbéèrè tí kò yẹ kí n bi kọ̀ǹpútà ni mo bi í, ó sì dá mi lóhùn láìjanpata.

Iṣẹ́ náà kò le lójú. Ó jẹ mọ́ àyẹ̀wò tí J. Ridley Stroop gbé jáde ní 1935. Ẹ máa kọ orúkọ àwọ̀ síwájú èèyàn, òun á sì máa pe àwọ̀ yíǹkì tí ẹ fi kọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá fi yíǹkì pupa kọ “pupa”, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ “pupa”, ahọ́n á kọsẹ̀, torí ìwé kíkà ti mọ́ wa lára ju kí ojú rí ọ̀rọ̀ kó má kà á lọ. Èèyàn mẹ́jọ ni mo bẹ̀. Oníkálukú wọn ṣe ìwé méjèèjì: èyí tó rọrùn, tí ọ̀rọ̀ àti yíǹkì bára mu, àti èyí tó le, tí wọn ò bára mu. Mẹ́rin kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn, mẹ́rin kọ́kọ́ ṣe èyí tó le. Bí mo ṣe tẹ ìwé àti bí mo ṣe ka àkókò, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Lórí ìwé tó rọrùn, iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n lò ni 14, 22, 17, 28, 19, 25, 12 àti 23. Lórí èyí tó le, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra náà nìyẹn: 17, 27, 21, 34, 21, 30, 15 àti 27. Ìpíndọ́gba ti àkọ́kọ́ jẹ́ 20, ti èkejì jẹ́ 24. Gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló falẹ̀ sí i. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yá sí i.

Ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ látibẹ̀. Àbá tí wọ́n ń pè ní null máa sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìwé méjèèjì, pé ṣèèṣì ló bá àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ẹ ó wá béèrè pé: bó bá jẹ́ òótọ́ ni null sọ, ṣé ìyàtọ̀ tó tó báyìí, tàbí tó jù ú lọ, á máa wáyé lemọ́lemọ́? Ìdáhùn yẹn ni p. Bó bá kéré sí 0.05, ẹ lé null lọ.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ t-test (ìṣirò tó ń wò ó bóyá ìpíndọ́gba méjì yàtọ̀ síra lóòótọ́) àkọ́kọ́ tí mo rí, èyí tí wọ́n ń pè ní independent samples. Ó ní t, ìyẹn bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó sí bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká, jẹ́ 1.32, df (degrees of freedom, nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé iye èèyàn) jẹ́ 14, p jẹ́ 0.21. Ẹnu yà mí. Èèyàn mẹ́jọ nínú mẹ́jọ falẹ̀, kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀!

Mo tún àwọn nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 1.32. Mo fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, ó ṣì jẹ́ 1.32 (mo sì yangàn díẹ̀ pé ìṣirò mi bá ti kọ̀ǹpútà mu). Ẹnì kan nínú kíláàsì ní èèyàn mi ló kéré jù, kí n wá ọgọ́ta kún un. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sá tẹ̀ lé èèyàn kiri, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà pé William Gosset tó kọ t-test jáde ní 1908, lábẹ́ orúkọ “Student”, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ló ti ń ṣiṣẹ́, àti pé nítorí ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ gan-an ló ṣe hùmọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi kàn mú mi rìn lásán ni.

Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n yí i sí one-tailed, èyí tó ń wo apá kan ṣoṣo, bóyá wọ́n falẹ̀ nìkan. Mo wo tábìlì iye t: t gbọ́dọ̀ kọjá 1.761, tèmi ò sì débẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò débẹ̀, torí màgòmágó gbáà ni kéèyàn rí èsì tán kó tó yan apá tó máa wò.

Ìgbà tó sú mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé “èyí fi hàn pé kíkà kì í dí pípe àwọ̀ lọ́wọ́”, mo sì fi í sílẹ̀ fún olùkọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan jẹ máàkì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Pé èèyàn ò rí null lé lọ kò sọ pé null jàre. Bí ẹ bá wá olè tí ẹ ò rí i, ẹ ò tíì fi hàn pé olè ò wọlé.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni gègé pupa tí olùkọ́ fi yí df yíká, tó wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Èèyàn mélòó?” Ìbéèrè, kò sí àlàyé. Mo bínú. Mẹ́jọ ni mo kọ sí ìlà kìíní, ṣé kò rí i ni? Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ohun tó ń bi mí. Independent samples máa ń yọ 2 kúrò nínú gbogbo iye èèyàn kó tó rí df. 14 tí mo rí yẹn, 16 ni wọ́n ti yọ 2. Kọ̀ǹpútà gbà pé èèyàn mẹ́rìndínlógún ni mo lò, pé mẹ́jọ ṣe ìwé kan, mẹ́jọ mìíràn ṣe èkejì. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò mi ló wà!

Ohun tó fà á tí èsì fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Àárín àwọn èèyàn mi jìn síra wọn: ẹnì kan lo 12 lórí ìwé tó rọrùn, ẹlòmíì lo 28. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ bí àjèjì sí àjèjì, ìyàtọ̀ 4 tí mò ń wá á rì sínú ariwo yẹn. Paired t-test kì í ka ẹni tó yára tàbí tó falẹ̀ sí. Ó máa ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ tèmi jẹ́ 3, 5, 4, 6, 2, 5, 3, 4. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 4, standard deviation (bí wọ́n ṣe fọ́n ká tó) jẹ́ 1.31. Ẹ pín in pẹ̀lú square root 8, ẹ ó rí 0.463. Ẹ wá fi èyí pín 4: t jẹ́ 8.64, df jẹ́ 7, tábìlì sì ní 2.365 péré la nílò. Àwọn nọ́ńbà kan náà ló ti 1.32 dé 8.64!

Tó bá jẹ́ pé mo tètè mọ̀ ni, df ni màá kọ́kọ́ wò kí ojú mi tó kan p. Kí n tó tẹ ohunkóhun rárá, màá mú bírò, màá gbìyànjú láti fa ìlà láti nọ́ńbà kan ní òsì sí ẹnì kejì rẹ̀ ní ọ̀tún. Tí ìlà bá ṣeé fà, torí ẹnì kan náà ló ni méjèèjì, paired ni.

Mo tún un ṣe, mo fi í sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, wọ́n fún mi ní 16. Ibi tí 1 nínú èyí tó kù lọ: mo kọ p = 0.000 bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ ọ́. Gègé pupa tún dé: “p kì í jẹ́ òfo. Kọ p < 0.001.” Kí ló wá dé tí wọ́n ò kọ́ kọ̀ǹpútà náà níyẹn?