MERGE tó ń falẹ̀ nínú Neo4j: ohun tó bá mi tún un ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Python kó dátà wọ Neo4j (database tó ń tọ́jú dátà bíi node, ìyẹn ẹyọ dátà kọ̀ọ̀kan, tó so mọ́ra), tí MERGE (àṣẹ tó ń wá node, tó sì ń dá a sílẹ̀ tí ò bá sí) bá ti ń falẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá constraint (òfin pé node méjì ò gbọdọ̀ ní ID kan náà) wà lórí ID tí MERGE fi ń wá node, torí tí ò bá sí, gbogbo node tó ní label (orúkọ irú node) kan náà ni Neo4j máa yẹ̀ wò kó tó mọ̀ bóyá node náà ti wà ńlẹ̀, bí dátà ṣe ń pọ̀ sí i náà ló ń falẹ̀ sí i. CREATE CONSTRAINT tó ní IS UNIQUE ni mo kọ́kọ́ rán, òun fúnra ẹ̀ ló ń mú index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ID) wá. Mo wá kó row 1000 sínú list kan, mo fi ránṣẹ́ bíi parameter (dátà tó dá dúró sí ọ̀tọ̀ sí query), UNWIND $rows AS r sì tú u sí row kọ̀ọ̀kan nínú Cypher, èdè tí a fi ń kọ query Neo4j. Ó yá gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi f-string (ọ̀nà tí Python ń gbà fi dátà sáàárín ọ̀rọ̀) lẹ orúkọ mọ́ query o, àmì ' inú O'Neil kan ṣoṣo ti tó láti dà á rú.